Ọ̀rẹ́ màmá mi pé ọgọ́ta ọdún ní Libreville: kí la fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Ouando?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màmá mi fi yí ọjà Ouando ká láìra nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe ìwà wọn. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti ń ta ẹja gbígbẹ àti irú nínú ọjà náà, wọ́n mọ ìsọ̀ tí nǹkan ti wọ́n, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń dín owó. Bí wọ́n bá dìde láti lọ ra àlùbọ́sà, kí ẹ tó ka ení, èjì dé ẹẹ́wàá, wọ́n ti padà sídìí àtẹ wọn. Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ wọn fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún fún ìyá wọn ní Libreville, lórílẹ̀-èdè Gabon, nínú oṣù Kejìlá ọdún 2025, ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n á na aṣọ wò, wọ́n á ká a padà. Wọ́n á dúró níwájú àwọn tó ń ta abọ́, wọ́n á mi orí. Wọ́n á padà wá jókòó ti ẹja wọn, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìròyìn yìí ní Àjàṣẹ́, ní Ṣakẹ́tẹ́, ní Ìfọ̀nyìn, ní Pọbẹ̀ àti ní Kétu, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣàjèjì sí yín. Agbo ilé wo ló wà lágbègbè wa tí kò ní ẹni tó wà ní Èkó, ní Abidjan, ní Libreville, ní Pointe-Noire tàbí ní Paris? Bí ẹnìkan bá kú, a mọ bí a ṣe ń ránṣẹ́. Bí ara ẹnìkan ò bá yá, a mọ bí a ṣe ń fi owó oògùn ránṣẹ́. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ni kò tíì mọ́ wa lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ bó ṣe lọ nílé wa.

Táńtì ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin máa ń pe ọ̀rẹ́ màmá mi yìí. Inú àdúgbò kan náà ni wọ́n ti dàgbà, ìsọ̀ wọn sì tún fara kanra ní Ouando. Màmá mi ń ta ẹja, Táńtì ń ta epo pupa àti gàrí. Ẹni tó bá wá ra ẹja, màmá mi á ní kó wo epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ẹni tó bá wá ra epo, Táńtì á bi í pé kí ló fẹ́ fi se ọbẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ohun tó so wọ́n pọ̀ jùyẹn lọ ni àjọ. Obìnrin méjìlá ló ń dá a, oṣooṣù ni wọ́n ń dá owó jọ, oṣooṣù sì ni ẹnìkan ń kó o. Lọ́dún tí màmá mi lóyún mi, oṣù tó kan Táńtì láti kó àjọ yẹn gan-an ni wọ́n gbé màmá mi lọ sílé ìwòsàn, tí dókítà sì sọ pé iṣẹ́ abẹ ló kù. Kò sí owó nílé. Bàbá mi wà lójú ọ̀nà àjò, kò sì sí fóònù bíi tòní. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Táńtì kó àjọ wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ti wọ àpótí ilé ìwòsàn. Owó ṣọ́ọ̀bù ni owó náà tẹ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lẹ́bàá títì tí Táńtì ti ń tọ onílé rẹ̀ lẹ́yìn fún ọdún méjì kí wọ́n lè kúrò nínú oòrùn. Nígbà tí oṣù yẹn fi parí, ẹlòmíràn ti gbà á.

Nígbà tí ara màmá mi yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó wá díẹ̀díẹ̀. Táńtì ò gbà. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń gba gbèsè lórí ọmọ. Èmi ni ọmọ ọ̀hún. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yìí kàn mí, ẹ má rò pé àsọdùn akọ̀ròyìn ni.

Ó pé ọdún mọ́kànlá báyìí tí Táńtì ti lọ bá ọkọ wọn ní Libreville. Láti ìgbà náà, orí fóònù nìkan ni òun àti màmá mi ti ń pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Táńtì fúnra wọn ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ohun tó wà nínú ìwé wọn lédè Faransé ni « née vers 1965 », ìyẹn ni pé nǹkan bí ọdún 1965 ni wọ́n bí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ọ̀pọ̀ òbí wa rí. Akọ̀wé ìjọba á wo ojú èèyàn, á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́dún yẹn, á sì fún un lọ́dún. Àwọn ọmọ wọn ní Libreville ló jókòó tí wọ́n mú ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kejìlá, torí pé wọn ò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Màmá mi gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní ọgọ́ta ọdún bàbá ta ni? Wọ́n ní Táńtì ti ń kiri epo nígbà tí àwọn ò tíì mọ owó kà. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín náà tán, wọ́n ní ọjọ́ tí ọmọ bá yàn fún ìyá rẹ̀ náà ni ọjọ́ ìbí rẹ̀, ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ débẹ̀.

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu ló kọ́kọ́ dá sí i. Owó ló ní ká fi ránṣẹ́. Ó ní owó kì í bàjẹ́, kì í fọ́, kò sì sí ẹni tó máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ní pápá ọkọ̀ òfúrufú.

Òótọ́ ló sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà ní wàhálà tirẹ̀. Sẹ́fà ni orúkọ owó tí a ń ná ní Benin, sẹ́fà náà ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ń ná ní Gabon. Iye kan náà sì ni wọ́n: nǹkan bíi 656 fráǹkì ni yúrò kan lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ wọn. Síbẹ̀, báńkì àgbà tó ń kó tiwa jáde wà ní Dakar, tiwọn wà ní Yaoundé, bí ẹ bá sì mú owó bébà 10,000 wa lọ sí ọjà Mont-Bouët ní Libreville, ẹlẹ́ja kò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Nítorí náà, ẹ má ká owó bébà sínú lẹ́tà tàbí sínú aṣọ rán ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ìwé àṣẹ fífi owó ránṣẹ́ ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n máa yọ kí ẹ tó kà á lé wọn lọ́wọ́, nítorí owó kékeré ni wọ́n máa ń yọ jẹ jù.

Ìdí tí àbúrò mi fi tẹpẹlẹ mọ́ owó ju ìrọ̀rùn lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà Gabon kéde pé àwọn iṣẹ́ kéékèèké kan wà tó jẹ́ pé ọmọ onílùú nìkan ni yóò máa ṣe wọ́n. Kárà-kátà inú àdúgbò wà nínú rẹ̀, títún fóònù ṣe wà nínú rẹ̀, irun ṣíṣe lójú pópó náà wà níbẹ̀. Kí ni Táńtì ń ṣe ní Libreville? Wọ́n pa àtẹ síwájú ilé, wọ́n ń ta gàrí, epo àti ẹ̀pà. Bí ọ̀rọ̀ bá wá rí báyìí, ni àbúrò mi wí, ṣé aṣọ lèèyàn máa fi ránṣẹ́ sí wọn ni?

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára, n kò níí purọ́. Màmá mi dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní owó tí a bá fi rán ẹni tí ìṣòro ń bá fínra, ìrànlọ́wọ́ ni, wọ́n sì ń bọ̀ wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn bá ń jó yí ọ̀rẹ́ àwọn ká, àwọn ò ní jẹ́ ẹni tó máa rán an létí pé aláìní ni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Owó tó bá wọ fóònù lálẹ́, ilẹ̀ kì í mọ́ kí owó ilé àti owó iléèwé ọmọ tó pín in. Ta ló máa rántí ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá?

Àwọn àgbàlagbà Ouando náà mọ nǹkan nípa Gabon. Lọ́dún 1978, Ààrẹ Omar Bongo lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin kúrò nílẹ̀ náà lẹ́yìn tí ìjà ti wọ àárín òun àti Ààrẹ Mathieu Kérékou, nítorí àwọn jagunjagun tí wọ́n fi owó gbà láti kọlu Kútọnu ní ọjọ́ 16 oṣù Kíní ọdún 1977. Ìyá màmá mi máa ń sọ nípa àwọn tó padà dé lásìkò náà. Ẹni tó ní ilé fi ilé sílẹ̀, ẹni tó ní ẹ̀rọ amóúntutù fi í sílẹ̀. Ohun tó ṣe é dì sínú ìdì ni wọ́n rí gbé, aṣọ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. N kò sọ pé irú rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rántí ìtàn yẹn ni mo ti gbọ́kàn kúrò lórí ìkòkò àti àga. Ẹ̀bùn tí ẹni tó wà lájò ò bá lè gbé padà bọ̀ wálé, ẹrù ló jẹ́ fún un.

Èmi náà ti dá àbá fóònù tuntun. Màmá mi rán mi létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí mo fi fóònù rán arìnrìn-àjò kan sí Táńtì. Ó dé ọwọ́ wọn lóòótọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ti fọ́ bí ojú dígí tí wọ́n sọ òkúta lù, ẹni tó gbé e lọ sì ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe gbà á. N kò ya àwòrán rẹ̀ kí n tó di í. Ẹnu mi wọhò.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìtòsí wa níbí ni ilé iṣẹ́ Songhaï wà, èyí tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, a sì lè ra omi èso wọn tó dùn gan-an. Igò wúwo. Kílò 23 ni ọ̀pọ̀ èrò ní fún báàgì kan, ta ló fẹ́ fi kílò rẹ̀ gbé igò ẹlòmíràn? A ronú nípa ìlù Ajara, torí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé àwọn ará Ajara mọ ìlù gbẹ́. Ìlù fún obìnrin tó ń ta gàrí! Màmá mi ò tilẹ̀ dá mi lóhùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà ni alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń ka nǹkan nípa àrokò. Ẹ mọ̀ pé kí ìwé tó dé, àwọn baba ńlá wa máa ń so nǹkan pọ̀ mọ́ okùn ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lókèèrè, ẹni náà á sì tú u, á mọ ohun tí wọ́n ń wí. Àlùfáà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Charles Gollmer, tó dé Àgbádárìgì ní 1845, rí púpọ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ tó kọ nípa wọn sì jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Àgbádárìgì kò jìnnà sí wa níbí. Owó ẹyọ méjì tó bá kọjú síra wọn ń sọ̀rọ̀ ìbátan àti ìpàdé; bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìjà ti dé. Owó ẹyọ mẹ́fà, nítorí pé ẹẹ́fà ni, ń wí pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni tó gbà á bá dá mẹ́jọ padà, ó ní ọ̀rọ̀ wa jọ, inú wa jọ.

Mo kà á sí màmá mi létí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu ìyá wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: « Ṣé o rí i, ẹni tó fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́, kì í ṣe pé ó fẹ́ kí wọ́n ná an. »

Ní ọjọ́ kejì wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣọ.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lára aṣọ àǹkárá ju bí àwa ọmọ ìsinsìnyí ṣe rò lọ. Èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní ojúlówó láti ọjọ́ pípẹ́ ni ti Vlisco, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1846 ní ìlú Helmond lórílẹ̀-èdè Holland. Nọ́ńbà lásán ni aṣọ náà máa ń ní bó bá ń ti ibẹ̀ bọ̀. Àwọn obìnrin oníṣòwò wa ló ń fún un lórúkọ, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní Nana Benz ní Lomé, àwọn tó fi aṣọ títà ra ọkọ̀ Mercedes. Aṣọ kan wà tí wọ́n ń pè ní « ojú orogún mi ». Òmíràn wà tó ń jẹ́ « ọkọ mi tó gbọ́ bùkátà ». Òmíràn sì wà, « bí o bá jáde, èmi náà á jáde », tí obìnrin máa ń ró bí ọkọ rẹ̀ bá ń pẹ́ wọlé. Ẹ ò rí i pé bí èèyàn bá kàn yan èyí tó dùn ún wò ní ojú, ó lè fi èébú ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Gbogbo ìsọ̀ tí a dé ni màmá mi ti ń béèrè: kí lorúkọ rẹ̀?

Ojúlówó ti Holland ju owó ọwọ́ wa lọ. Bí àwọn aláṣọ ṣe ń pe iye rẹ̀ ni màmá mi ń rọra jìnnà sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ta yín lólobó, nítorí ayédèrú pọ̀ nínú ọjà. Ẹ yí aṣọ náà padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wax tòótọ́, bí iwájú rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ti ṣì, ojú kan ni wọ́n tẹ̀. Kí ẹ ka etí aṣọ náà, orúkọ ilé iṣẹ́ máa ń wà níbẹ̀. Àwọn aláyédèrú máa ń yí lẹ́tà kan tàbí méjì padà. Kì í sì í ṣe ti Holland nìkan ló dára. Uniwax ń ṣe tiwọn ní Abidjan, GTP ń ṣe tiwọn ní Tema, nílẹ̀ Gánà. Abẹ́ Vlisco kan náà ni àwọn méjèèjì wà, owó wọn sì rọ̀ díẹ̀. Nínú irú èyí la ti rí tiwa.

Ẹyẹ ni wọ́n yà sí i lára, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó na ìyẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ń já afẹ́fẹ́. Ó wù mí. Ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa pé àwọn ará Gánà ń pè é ní « owó níyẹ̀ẹ́ », ìyẹn ni pé owó lè fò lọ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ nígbàkígbà. Mo fẹ́ fà màmá mi lọ síbòmíràn. Wọn ò lọ. Wọ́n ní orúkọ tí àwọn ará Gánà fún un nìyẹn. Wọ́n ní láti kékeré tí àwọn ti ń rí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ lábẹ́ òrùlé bàbá àwọn, bó bá fò lọ, ibi tó kọ́ ilé rẹ̀ sí náà ló ń padà sí. Wọ́n ní kí aláṣọ ká a.

Yáàdì méjìlá ni wọ́n rà. Mo ní ṣé ẹ ò rí i pé yáàdì mẹ́fà tó obìnrin kan? Wọ́n wò mí bíi pé ọmọ ẹlòmíràn ni mí. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ aláṣọ, wọ́n ní kó gé e sí méjì lójú wọn, mẹ́fà fún Táńtì, mẹ́fà fún àwọn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n bá ń ṣe ayẹyẹ ní Libreville, aṣọ kan náà ni wọ́n á jọ ró, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ọ̀kan ní Ouando. Àwa tí a máa ń kùn pé aṣọ ẹbí ń gbówó lọ́wọ́ èèyàn, ẹgbẹ́jọdá ẹni méjì péré rèé.

Ó kù bí ó ṣe máa débẹ̀. Màmá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà ṣeré mọ́. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2019, àwọn oníbàárà wọn tó wà ní Ìdìrókò, ibi tí èèyàn lè lọ láàárọ̀ kó sì bọ̀ lọ́sàn-án, ni wọn ò rí mọ́. Oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni ìjọba tó kéde pé wọ́n ṣí ti Ìdìrókò. Ibi tó wà nítòsí lè jìnnà lójijì. Ti Gabon sì tún wá. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n dìbò lọ́hùn-ún, alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì. A ní bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má yẹ ohùn. Àmọ́ ohùn náà yẹ̀. Màmá mi ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmì kan ṣoṣo ló ń yọ, kò di méjì. Ní ọjọ́ 30 ni àwọn ológun gba ìjọba, òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì padà. Ohùn Táńtì àkọ́kọ́ tó wọlé, wọn ò sọ̀rọ̀ ìjọba rárá. Wọ́n ní ṣé ẹja ọ̀sẹ̀ yẹn tà. Màmá mi jókòó sórí àpótí ẹja, wọ́n sunkún.

A rí obìnrin kan láti Àjàṣẹ́ tó ń padà sí Libreville ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ayẹyẹ náà. Lójú rẹ̀ ni a ti na aṣọ náà, ó kà á, ó fọwọ́ bọ inú rẹ̀, kó má baà sí ẹni tó máa sọ pé wọ́n dì nǹkan mọ́ ọn. A ò lẹ̀ ẹ́ pa. Mo ya àwòrán rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. A fún un ní owó díẹ̀ fún àyè tó fún wa nínú báàgì rẹ̀, torí ẹni tó bá gbé ẹrù ọ̀fẹ́ fún èèyàn máa ń gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Aṣọ náà ti dé. Àwọn ọmọ Táńtì gbà á, wọ́n ti gbé e fún télọ̀ láìjẹ́ kí ìyá wọn mọ̀. Ti màmá mi náà ti di rírán, ó so mọ́ ògiri nínú yàrá wọn.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àbúrò mi náà gbà pé aṣọ náà dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń kùn pé ti owó ńkọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni àwọn obìnrin ọjà tún jókòó láti to àjọ ọdún tó ń bọ̀. Méjìlá náà ni wọ́n ṣì jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ ti fún ọmọ wọn láyè. Èmi ni wọ́n máa ń pè láti bá wọn kọ orúkọ sínú ìwé, nítorí mo kàwé. 10,000 fráǹkì lóṣù ni ẹnìkọ̀ọ̀kan máa dá, 120,000 sì ni ẹni tó bá kàn á máa kó. Mo kọ orúkọ màmá mi. Nígbà tó ku orúkọ kan kí iye wọn pé, màmá mi ní kí n kọ orúkọ Táńtì.

Gbogbo wọn wò wọ́n. Akápò ní ta ló máa dá a? Màmá mi ní àwọn ni. Ìyẹn ni pé 20,000 ni wọ́n á máa mú wá lóṣooṣù, látinú ẹja. Akápò tún ní bó bá kan Táńtì ńkọ́, ta ló máa wá kó o? Màmá mi ní bí ayé bá dára ní Gabon, àwọn á fi ránṣẹ́ sí wọn. Bí kò bá dára, tí Táńtì bá fẹ́ máa bọ̀ nílé, ṣọ́ọ̀bù ni kí wọ́n fi wá. Wọ́n ní owó oṣù yẹn ti pẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn.

Oṣù Kẹjọ ni ìbò gbé e fún. Mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Táńtì ò tíì gbọ́ nípa èyí. Màmá mi ní dìgbà tí aṣọ bá wà lára àwọn méjèèjì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn máa sọ ọ́ lórí fóònù. Táńtì kì í ka ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ẹni kan ní Libreville tó ń ra gàrí níwájú ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa ẹnu mọ́ di ọjọ́ náà.